Ère Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ìlú Estella: ohun tí ọ̀dà tuntun gbé lọ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwòrán ère kan láti ìlú Estella, ní àríwá Sípéènì, bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Ère Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni, jagunjagun lórí ẹṣin, ìhámọ́ra irin láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ kùn ún. Àwòrán méjì làwọn èèyàn ń gbé síra wọn: bó ṣe wà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, àti bó ṣe wá rí. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ọjọ́ orí ti hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú èèyàn lẹ ó máa wò. Nínú ìkejì, ojú náà ti di pupa rúsúrúsú bíi ti ọmọláńgidi, ìhámọ́ra rẹ̀ sì ti di àwọ̀ eérú àti pupa tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan ní Tintin inú ìwé àwòrán ni. Àwọn mìíràn ní Playmobil táwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni. Ó di ẹ̀rín káàkiri ayé.

Mi ò bá ẹni tó rẹ́rìn-ín jà. Ọ̀rọ̀ náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rí ibi tí òfò wà gan-an. Ojú tí kò dára ṣeé pa rẹ́, wọ́n sì padà pa á rẹ́. Ohun tó ti lọ kí wọ́n tó kun ojú náà ni kò ṣeé dá padà, òun sì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀.

Estella kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni lè pè ní abúlé inú igbó. Ọba Sancho Ramírez ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1090, lójú ọ̀nà táwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ń gbà lọ sí Santiago de Compostela, orúkọ tí àwọn ẹ̀yà Basque agbègbè náà sì ń pè é ni Lizarra. Ilé ìjọsìn Máíkẹ́lì Mímọ́ wà lórí òkè níbẹ̀. Láti ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó kọjú sí àríwá sì kún fún ọnà òkúta tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Ilé yìí ló ni ère Jọ́ọ̀jì tí à ń sọ. Ọnà òkúta ló sọ ilé náà di olókìkí. Ère onígi wà nínú ilé ní tirẹ̀, títí ẹnì kan fi pinnu pé ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Àwọn ará wa tó wà ní Brazil mọ Jọ́ọ̀jì yìí dáadáa. Ní Rio de Janeiro, òun àti Ògún ni wọ́n jọ ń gba ọlá pọ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, torí irin ara rẹ̀ àti idà ọwọ́ rẹ̀. Ní Bahia, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n bá a pọ̀. Ẹ ò lè sọ fún ẹni tó ń sin Ògún pé irin tó wà lára ère kò jẹ́ nǹkan.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ kò gùn. Párìíṣì ilé ìjọsìn náà fẹ́ kí ère náà dùn-ún wò, ó sì gbé e fún ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ nínú ìlú náà. Wọn kò sọ fún ìjọba ìlú. Wọn kò sọ fún ìjọba Navarra, tó ń ṣàkóso ohun ìṣẹ̀ǹbáyé agbègbè náà. Ìgbà tí iṣẹ́ ti parí ni àwọn aláṣẹ tó gbọ́. Koldo Leoz, tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, bọ́ síta, ó ní pílásítà ni wọ́n lò, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún kò bá irú ère bẹ́ẹ̀ mu, ó sì ṣeé ṣe kí ìpele ọ̀dà àtijọ́ ti bá a lọ. Ó ní iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni, àwọn ló yẹ kó ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn amọṣẹ́ tó ń tún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe ní Sípéènì, tí ìkékúrú orúkọ wọn ń jẹ́ ACRE, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àìmọṣẹ́ tó ń dẹ́rù bani ló hàn nínú iṣẹ́ náà.

Èmi kò rò pé ìkà ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ fi ara yín sípò olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí Fadá gbé ère wá bá. Ẹ ti ń kun igi àti amọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń jókòó yí yín ká, gbogbo ìlú mọ̀ yín sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá. Ta ni yóò sọ pé òun kò lè ṣe é? Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iṣẹ́ kíkun nǹkan tuntun àti iṣẹ́ títọ́jú ohun tí ẹlòmíràn ti kùn kì í ṣe ọmọ ìyá. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ dání.

Kí ló tilẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dà náà? Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀.

Ní Sípéènì ayé ìgbà yẹn, agbẹ́gilére kì í dá ère ṣe tán. Bó bá gbẹ́ ẹ tán, ó ṣì kù ìdajì. Ní Seville, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ la ààlà sáàárín àwọn méjì: agbẹ́gilére á gbẹ́, ayàwòrán á kùn, kálukú pẹ̀lú owó tirẹ̀ àti àdéhùn tirẹ̀. Ní 1622, Francisco Pacheco, ayàwòrán tó jẹ́ bàbá ìyàwó Velázquez, gbajúgbajà ayàwòrán Sípéènì, gbógun ti Juan Martínez Montañés, agbẹ́gilére tó lókìkí jù lọ nílùú náà, torí pé ó gba iṣẹ́ gbígbẹ́ àti kíkùn pọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn méjèèjì yìí sì ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí: Montañés ló gbẹ́ Kristi orí àgbélébùú tó wà ní Kàtídírà Seville, láàárín 1603 sí 1606, Pacheco ló kùn ún. Ẹni tó bá dúró níwájú ère yẹn kò lè sọ ibi tí iṣẹ́ ọ̀kan parí sí tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ mú igi tó ti gbẹ dáadáa, wọ́n á gbẹ́ inú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kó má baà sán bí ooru àti òtútù bá ń bá a jà. Ibi tí ojú ẹ̀ka wà lára igi, níbi tí oje ti lè máa jáde, wọ́n á fi aáyù rá a. Wọ́n á lẹ aṣọ mọ́ ojú ibi tí wọ́n ti so igi pọ̀. Lẹ́yìn náà ni àtè tí wọ́n fi awọ ẹran sè, gbígbóná, kó wọnú igi. Ẹfun tí wọ́n pò mọ́ àtè yìí kan náà ló tẹ̀ lé e, èyí tó rí gbàràgbàrà ní ìsàlẹ̀, èyí tó kúnná lókè, ìpele lórí ìpele, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbẹ, wọ́n á sì fi nǹkan họ ọ́ kó lè jọ̀lọ̀. Níbi tí wúrà yóò wà, wọ́n á fi amọ̀ pupa tẹ́ ẹ, kí wúrà lè rí ibi tó rọ̀ jókòó lé. Wọ́n á wá tẹ́ wúrà tí wọ́n lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, wọ́n á fi òkúta dídán tàbí eyín ẹran ra á títí yóò fi máa kọ mànà.

Ẹ rò pé ó parí? Ọ̀dà tí wọ́n fi pupa ẹyin pò ni wọ́n á tún fi bo wúrà náà mọ́lẹ̀. Bó bá ti gbẹ, wọ́n á mú igi ṣóńṣó, wọ́n á máa họ ọ̀dà náà kúrò ní ìlà-ìlà, kí wúrà abẹ́ rẹ̀ lè yọ, ó ń jọ òdòdó, ó ń jọ ọnà ara aṣọ sílíkì. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní estofado. Bí iná àbẹ́là bá ta sí i nínú ilé ìjọsìn tó ṣókùnkùn, aṣọ igi náà á máa tàn bí aṣọ gidi. Ojú àti ọwọ́ ní tiwọn, òróró ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà wọn: pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, àwọ̀ aró díẹ̀ níbi tí irùngbọ̀n ti fẹ́ẹ́ hù, òjìji lábẹ́ ojú. Gbogbo ìpele wọ̀nyí papọ̀ kò nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹnì kan fi ọ̀pọ̀ oṣù tò jọ nìyẹn nínú mìlímítà díẹ̀. Omi ń yọ́ àtè. Pílásítà tútù lórí ẹfun àtijọ́ túmọ̀ sí pé ohun tó di gbogbo rẹ̀ mú lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọ̀dà tuntun lẹ̀ dáadáa, ohun tí gbogbo akunlé mọ̀ ni pé kó kọ́kọ́ họ ojú ibẹ̀. Lára ògiri, ìmọ́tótó nìyẹn. Lára ère bí èyí, orí bíbẹ́ fún orí fífọ́ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí yóò ní: ṣé kì í ṣe pé àwa náà ń kun ère wa ni? Òótọ́ ni, ìbéèrè náà sì dáa. Ìyá tó ní ère ìbejì ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ojú ère náà á jẹ títí imú yóò fi fẹ́ẹ́ pa rẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó ba nǹkan jẹ́. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gba ọ̀dà tuntun bí àkókò ìjáde bá tó. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí a kò bá fọwọ́ kàn mọ́ ló ti kú. Kódà àwọn Àgùdà Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ère onígi tó wà nínú ilé ìjọsìn wọn ló ti gba ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ọ̀rúndún ṣe ń gorí ọ̀rúndún, tí àwọn oníṣẹ́ àtúnṣe òde òní ń bá ìpele wọn pàdé, tí wọ́n sì máa ń fi òmíràn sílẹ̀ bó ṣe wà torí pé ìtàn ère náà ni.

Ìyàtọ̀ tí mo rí ni ibi tí ọnà wà. Lára ère ìbejì, inú igi ni ọnà wà: orí tó gbọ̀ngbọ̀n, ilà ojú, irun tí wọ́n dì sókè. Osùn lè lọ kó tún padà, ojú-ọnà kò yẹ̀. Lára Jọ́ọ̀jì Estella, ìdajì ọnà wà nínú ọ̀dà. Bí ẹ bá họ ọ́, ẹ kò bọ́ ẹ̀wù lára ère, iṣẹ́ ọkùnrin kejì lẹ parẹ́. Ìdí nìyí tí àwáwí "a kàn tún un kùn ni" kò fi lè dúró níbẹ̀, bó tilẹ̀ lè dúró ní Ẹ̀gbádò.

Ọ̀rọ̀ òfin wá kù. Àwọn tó gbè sẹ́yìn párìíṣì lè ní ohun àdúrà ni ère, kì í ṣe ohun mùsíọ̀mù, àti pé ìjọba kò gbọdọ̀ kọ́ Fadá bí yóò ṣe tọ́jú ilé rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ díẹ̀ nílẹ̀: Àpérò Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà, sọ ọ́ ní 1563 pé ẹni tí ère dúró fún ni ọlá ń lọ bá, kì í ṣe igi. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ojú Jọ́ọ̀jì kò ní dí àdúrà ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀ ni kò gbà kó parí síbẹ̀. Nínú àkójọ òfin Ìjọ ti 1983, òfin 1189 sọ pé ère tó níye lórí nítorí ọjọ́ orí, ọnà tàbí ìjọsìn tí àwọn èèyàn ń ṣe sí i, bó bá nílò àtúnṣe, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù náà sì gbọ́dọ̀ bi àwọn tó mọ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Kò sí ohun tó rúni lójú níbẹ̀. Òfin Sípéènì lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà láti 1985, ti Navarra láti 2005. Òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń tọ́ka sí ohun kan náà: ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀sín Estella yóò kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n, kò pé oṣù mẹ́rin tó fi rí i pé rárá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 kan náà, ní abúlé kékeré kan ní Asturias, ní àríwá Sípéènì bákan náà, obìnrin kan tó ní ìsọ̀ nínú abúlé náà fi ọ̀dà gbòò kun ère Màríà, Ánà Mímọ́ àti Ọmọ náà, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Fadá ló gbà fún un. Màríà gba ìborùn aláwọ̀ òdòdó, Ọmọ náà gba aṣọ àwọ̀ ewé. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé oníṣẹ́ àtúnṣe gidi kan ti tọ́jú ère wọ̀nyí ní bíi ọdún 15 ṣáájú. Iṣẹ́ tó ti parí ni wọ́n lọ kùn lórí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Estella. Ẹ̀ka ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Navarra gbé Jọ́ọ̀jì lọ, wọ́n ní àwọn yóò gbìyànjú láti bọ́ ohun tí wọ́n kùn sí i lára. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìbínú ṣe. Wọ́n á yan ibì kan tó pamọ́ lára ère, ibi tí kò ju èékánná lọ. Wọ́n á ká òwú sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á rì í bọ omi kẹ́míkà tó rọ̀ jù lọ, wọ́n á máa yí i lórí ibẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á sì máa wo òwú náà: ṣé ọ̀dà tuntun ló ń kó ni, àbí ti àtijọ́ ti ń tẹ̀ lé e? Bí àwọ̀ òwú bá yí padà, wọ́n á dúró. Wọ́n á gbìyànjú omi mìíràn, tàbí kí wọ́n fi abẹ fẹ́lẹ́ gbé e kúrò lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ibi tó ṣiṣẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ lè má ṣiṣẹ́ lórí ìhámọ́ra, torí òróró ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹyin tàbí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló lè wà lábẹ́ ti ìhámọ́ra. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ya fótò, tí wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Ère náà padà sí Estella ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ọdún kan lẹ́yìn ariwo. Bíi 30,000 yúrò ni iṣẹ́ náà jẹ. Ìjọba Navarra bu owó ìtanràn bíi 6,000 yúrò lé párìíṣì lórí, wọ́n sì bu iye kan náà lé ibi ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ náà. Mi ò mọ ẹni tó lè wo 6,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 30,000 kó ní ìjìyà náà pọ̀ jù.

Láti òkèèrè, Jọ́ọ̀jì ti padà di Jọ́ọ̀jì. Ojú rẹ̀ ti rí bí ojú, Tintin ti lọ. Ṣùgbọ́n Carlos Martínez Álava, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà nígbà náà, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fáwọn oníròyìn. Ó ní ère náà tún ní àwọ̀ tó ní kí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ apá kan nínú ọ̀dà àtijọ́ ti sọnù lójú ọ̀nà. Bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dà àkọ́kọ́ náà ni kò sí mọ́. Ohun èlò tuntun ni wọ́n fi dí àyè wọn, wọ́n sì kùn ún kó lè bá ìyókù mu, kí ojú má baà rí ihò.

Ṣáájú ọ̀dà tuntun náà, ẹni tó bá lọ síwájú Jọ́ọ̀jì rí ère tó dọ̀tí, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ ayàwòrán tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ sì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá lọ lónìí rí ère tó mọ́ tónítóní, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ 2019.